Ìyẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì wa ń já, ike ń bẹ́: ẹ gbà wá nímọ̀ràn, ẹ̀yin ará Okun

Tísà Kàbà · Sátidé, 7:12 alẹ́

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Kàbà. A dá ẹgbẹ́ kékeré kan sílẹ̀ tó ń ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì olómi. Ike mínírà lítà kan àbọ̀ la fi ń ṣe é. A ó bu omi sí i dé ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, a ó fi pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ fún un ní afẹ́fẹ́, a ó fa okùn, yóò sì ta sókè. Ọmọ 14 ló wà nínú ẹgbẹ́ náà. Nǹkan yìí dùn mọ́ wọn débi pé wọn kì í fẹ́ relé mọ́ lọ́jọ́ Ẹtì.

Láàárọ̀ òní a ta mẹ́ta ní pápá, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló bàjẹ́. Àkọ́kọ́, afẹ́fẹ́ rẹ̀ tó PSI 60 (PSI ni òṣùwọ̀n ìtì afẹ́fẹ́ tó wà lójú géèjì). Ó gbéra, kò sì tíì ga tó òrùlé tí ìyẹ́ méjì nínú mẹ́ta fi já. Ó yí gbirigbiri, ó sì forí sọ ilẹ̀. Ìkejì, ike méjì la so pọ̀ láàárín kí ó lè gùn. A ṣì ń pọ́ǹpù rẹ̀ lọ́wọ́, ní 70, ni ó bẹ́ ní oríkèé. Ọpẹ́lọpẹ́ pé okùn tí a fi ń fà á gùn, kò sẹ́ni tó wà nítòsí. Ìkẹta lọ dáadáa, párásúùtì rẹ̀ sì jáde, àmọ́ okùn tó so párásúùtì mọ́ ọn ya páìpù páálí tó wà lórí rẹ̀ láti ẹnu dé ìdajì. Imú lọ síbì kan, ara lọ síbòmíràn.

Súpà gúlù la fi lẹ ìyẹ́, páálí líle sì ni ìyẹ́ náà. Gúlù gbígbóná, èyí tí wọ́n ń fi ìbọn iná yọ́, la fi so oríkèé ike méjì, a sì wé téèpù lé e.

Ohun kan tún wà, n kò mọ̀ bóyá ó já mọ́ nǹkan. Tí géèjì bá ti kọjá 40, mo máa ń gbọ́ ìró kékeré kan lára rẹ̀, kẹ́, kẹ́, bí páànù orí ilé nígbà tí òòrùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí rẹ̀.

Fọkanáísà Ìyàrá · Sátidé, 7:40 alẹ́

Tísà, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Táyà ọkọ̀ kékeré gan-an, 30 sí 35 ni à ń fún un. Ẹ wá fún ike ní 70! Afẹ́fẹ́ yín ló pọ̀ jù. Ẹ dín in kù sí 40 kí ẹ wò ó.

Ẹ sì yẹ géèjì yín wò. Géèjì pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ máa ń parọ́. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà tó ní kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, kí ẹ fi géèjì méjèèjì wọn táyà kan náà.

Ẹnjiníà Ìyámoyè · Sátidé, 8:25 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Fọkanáísà, òótọ́ lẹ sọ nípa géèjì. Nípa 70, n kò gbà. Bí wọ́n ṣe ṣe táyà kọ́ ni wọ́n ṣe ṣe ike. Ike mínírà, wọ́n ṣe é kí ó lè gba gáàsì inú mínírà mọ́ra, kódà bí oòrùn bá pa á lórí tábìlì ìyá tó ń tà á. Tí ike náà bá jẹ́ tuntun, tí kò sí ohun tó ṣe é, 70 kì í sábà bẹ́ ẹ. Ike omi tí kò ní gáàsì ni kí ẹ má lò, ara ìyẹn fẹ́lẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò oríkèé yẹn. Ike tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 9, ojú rẹ̀ tó bíi sẹ̀ǹtímítà 63 ní ìwọ̀n onígun mẹ́rin. Ní PSI 70, agbára tó ń fẹ́ fa ike méjèèjì ya kúrò lára ara wọn sún mọ́ ìwúwo kílò 310. Àpò sìmẹ́ńtì 6 nìyẹn. Ká ní ẹ so àpò sìmẹ́ńtì 6 rọ̀ mọ́ oríkèé kan tí ẹ fi gúlù lẹ̀. Ṣé ẹ ó dúró sábẹ́ rẹ̀?

Gúlù gbígbóná yìí náà ni mo fura sí. Ní nǹkan bí 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ike yìí ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, gúlù náà sì máa ń gbóná kọjá 100 dáadáa nígbà tó bá ń jáde. Tísà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo àfọ́kù rẹ̀ kí ẹ tó jù ú nù. Tí ike fúnra rẹ̀ bá ya bí aṣọ, ike ló kọ̀. Tí ó bá yọ mọ́lẹ̀mọ́lẹ̀ bí ẹ̀pà tó kúrò nínú èèpo, gúlù ló kọ̀.

Tísà Kàbà · Sátidé, 9:03 alẹ́

Ẹ ṣé gan-an. Mo ti kó gbogbo rẹ̀ wá sábẹ́ iná báyìí.

Ike tó bẹ́: ojú ibi tí gúlù kàn ti wú kúlúkúlú, ó súnkì bí awọ ẹran tí a fi iná rà. Ibi ọ̀kan nínú àwọn ojú sísúnkì yìí ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya, ó sì ya lọ sókè gbọọrọ. Ìyẹ́: gbogbo gúlù rẹ̀ ṣì wà lára páálí, ó dán bíi dígí, kò sì sí nǹkan kan lára ike àfi ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Kò sí èyí tó ya nínú páálí náà.

Káfíńtà Mọ̀pà · Àìkú, 6:50 àárọ̀

Tísà, a kì í fi súpà gúlù lẹ ohun tó ń gbọ̀n. Tó bá ti gbẹ, ṣe ló máa ń gan. Ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó ti kán. Ká ní èmi ni, n ó fi sáńpépà ha ara ike náà dáadáa kí ó lè gbá gọ́ọ̀mù mú, kí n tó lo gọ́ọ̀mù oníméjì tí wọ́n ń pò pọ̀.

Páálí náà kò dára. Ìrì òwúrọ̀ lásán ti tó láti sọ ọ́ di jẹ̀lẹ̀ńkẹ̀. Ẹ lo pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tàbí PVC tí wọ́n fi ń ṣe síléèńgì. Tó bá jẹ́ pákó, ẹ wo ìlà igi. Ìlà rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ara rọ́kẹ́ẹ̀tì jáde lọ sí etí ìyẹ́. Tó bá bá ara rọ́kẹ́ẹ̀tì lọ lọ́gbọọgba, ìdí ìyẹ́ gan-an ni yóò ti là, bí igi ìdáná.

Ará Ẹ̀gbẹ̀ Lókè Òkun · Àìkú, 3:18 ọ̀sán

Ẹ kú ọjọ́ ìsinmi o. Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ ni mí, Amẹ́ríkà ni mò ń gbé, ó sì ti pé ọdún 11 tí èmi àti àwọn ọmọ mi ti ń ta rọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré. Òótọ́ ni Káfíńtà sọ nípa ìlà igi. Ìyẹn ló kọ́kọ́ ba tèmi jẹ́: ìyẹ́ mẹ́rin, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin là, gọ́ọ̀mù ìdí wọn kò sì mira rárá.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sáńpépà ha ike tí yóò gba afẹ́fẹ́. Ojú ibi tí ẹ bá ha ni yóò ti ya.

Tísà, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sọ ọ̀rọ̀ ìró kẹ́ kẹ́ yẹn, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ sì wà. Ike máa ń wú tí afẹ́fẹ́ bá kún inú rẹ̀. Ẹ wé òwú mọ́ ọn kí ẹ tó pọ́ǹpù, kí ẹ fàmì síbi tí ẹnu òwú ti pàdé, kí ẹ wá pọ́ǹpù. Ẹ ó rí i pé kò ní pàdé mọ́. Gúlù tó gan kò lè bá ike wú, ló bá ń kán díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ẹ ń gbọ́ nìyẹn. Ìyẹ́ yín ti já tán nílẹ̀ kí ẹ tó fa okùn.

Nítorí náà, ẹ má lẹ ìyẹ́ mọ́ ike tó ń gba afẹ́fẹ́ rárá. Ẹ gé àárín ike mìíràn tí wọn jọ tóbi, kí ẹ là á lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ lẹ ìyẹ́ mọ́ ìyẹn, kí ẹ wá wọ̀ ọ́ fún rọ́kẹ́ẹ̀tì bí ẹni wọ búbà. Téèpù ni kí ẹ fi mú un. Ike inú á máa wú bó ṣe fẹ́, búbà á máa fẹ̀ tẹ̀lé e. Ara búbà yìí ni Káfíńtà ti lè fi sáńpépà ha títí ọkàn rẹ̀ yóò fi balẹ̀.

Ó ku ti okùn tó ya páálí. Àwa máa ń pe èyí ní síìpù, torí pé ó máa ń là bí ìgbà tí wọ́n ṣí síìpù. Ohun tó ń fà á ni pé párásúùtì ṣí nígbà tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ṣì wà lórí eré. Níbí, ẹ́ńjìnnì ẹ̀tù tí ilé iṣẹ́ ṣe la ń lò, nọ́ńbà sì wà lára rẹ̀, bíi C6-5. C ń sọ gbogbo agbára inú rẹ̀, láàárín 5 sí 10 newton-second. 6 ń sọ bó ṣe ń tì sí, ní newton. 5 ni iye ìṣẹ́jú àáyá tí yóò dúró lẹ́yìn tí iná bá kú kí ó tó ti párásúùtì jáde. Lọ́jọ́ kan mo ki C6-3 bọ èyí tó yẹ kí n ki C6-5 bọ̀. Rọ́kẹ́ẹ̀tì ṣì ń sáré lọ sókè tí párásúùtì fi jáde, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ sì la páìpù páálí láti ẹnu dé ibi tí ìyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ mi obìnrin ló kùn ún, ọjọ́ mẹ́ta ló fi kùn ún. Ó gbé e dání títí a fi délé, kò sọ̀rọ̀.

Láti ìgbà náà, okùn mi kì í kúrú ju ìlọ́po mẹ́ta gígùn rọ́kẹ́ẹ̀tì lọ, mo máa ń wé téèpù mọ́ ẹnu páìpù kí etí rẹ̀ lè nípọn, mo sì máa ń fi rọ́bà tó ń fà sí apá kan okùn náà. Rọ́bà kànnàkànnà dára fún un. Nílé, ara tíúbù àlòkù lẹ ti máa rí i, Fọkanáísà ní in.

Ẹnjiníà Ìyámoyè · Àìkú, 5:02 ìrọ̀lẹ́

Àlàyé tó kún nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Àtúnṣe kan wà níbẹ̀, ó sì lágbára: kí ẹnikẹ́ni má sún mọ́ ike tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀ láti fi òwú wọ̀n ọ́. Omi ni kí ẹ fi kún un dé ẹnu, kó má ku àyè fún afẹ́fẹ́, kí ẹ tó pọ́ǹpù. Omi kì í fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́, tí ike bá ya, yóò kàn tú jáde ni. Bí ẹ ṣe máa dán gbogbo ike wò nìyẹn kí ẹ tó fi fò. Pẹ̀lú ìyẹn náà, kí géèjì wà níbi pọ́ǹpù, kí ọ̀pá rọ́bà gùn, kí gbogbo yín wà lẹ́yìn ohun kan.

Ìdí mìíràn tún wà tí ìyẹ́ fi ń já. Nígbà tí omi bá ń jáde lẹ́nu ike ní irú afẹ́fẹ́ yẹn, ohun tó ń fa nǹkan sẹ́yìn lè ju ìlọ́po 50 ìwúwo rẹ̀ lọ. Ìyẹ́ tó wúwo gíráàmù 10 á wá dà bí ìdajì kílò. Ẹ jẹ́ kí ìyẹ́ fúyẹ́ kí ó sì gan. Èyí tó rọ̀ máa ń gbọ̀n lójú eré bí ewé, tí eré bá sì di ìlọ́po méjì, ìtì afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà máa ń di ìlọ́po mẹ́rin.

Ọmọ Bùnú · Àìkú, 5:30 ìrọ̀lẹ́

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà. SS2 ni mo wà. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà lókè òkun, ṣé a lè lo ẹ̀tù tí àwọn ọdẹ ń lò, ká rọ ọ́ sínú páìpù PVC? Ọdẹ ni bàbá mi àgbà, ẹ̀tù sì wà nílé.

Ará Ẹ̀gbẹ̀ Lókè Òkun · Àìkú, 5:41 ìrọ̀lẹ́

Rárá, àbúrò mi. Mo bẹ̀ ọ́. Páìpù tí a rọ ẹ̀tù kún tí a sì dí, bọ́ǹbù ni. PVC máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́, ègé rẹ̀ á sì wọnú ara. Nítorí àwọn ọmọ tó ń fara pa báyìí ni àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, G. Harry Stine àti Orville Carlisle, fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ́ńjìnnì tí ilé iṣẹ́ ṣe fún wọn ní ìparí àwọn ọdún 1950. Páálí ni wọ́n fi ń ṣe ara rẹ̀, wọn kì í lo irin. Òfin ilé wa náà sì béèrè ìwé àṣẹ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Omi àti afẹ́fẹ́ ni kí o dúró tì. Inú wọn ni gbogbo ẹ̀kọ́ tó o ń wá wà.

Ìyá Ìsánlú · Àìkú, 8:15 alẹ́

Ọmọ mi, ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ sọ yẹn, gbà á gbọ́. Jẹ́ kí ẹ̀tù bàbá rẹ àgbà wà níbi tó wà.

Tísà, mo ń gbàdúrà fún yín. Ṣùgbọ́n ike tó bẹ́ ní 70, bí ìbọn ló máa ń dún létí ẹni tí kò mọ̀. Àsìkò tí a wà yìí, oorun kì í kún ojú ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀ Yàgbà, ó sì lè rí bẹ́ẹ̀ ní ọ̀dọ̀ yín náà. Kí ẹ tó ta á, ẹ jẹ́ kí olórí àdúgbò gbọ́, kí àwọn fíjílàńtì gbọ́, ẹ sọ ọjọ́, ẹ sọ wákàtí. Kí ẹ sì wá gọ́gù sí ojú gbogbo ọmọ, irú èyí tí àwọn tó ń lọ irin ń lò. Ọmọkùnrin mi ń ṣe irú nǹkan yìí níléèwé tirẹ̀, ìdí tí mo fi ń ka gbogbo èyí nìyẹn.

Fọkanáísà Ìyàrá · Ajé, 7:20 àárọ̀

Rọ́bà tíúbù wà lọ́dọ̀ mi, Tísà, ẹ rán ọmọ wá, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ tún wo rọ́bà tó dí ẹnu ike mọ́ páìpù lórí ẹsẹ̀ tó ti ń gbéra. Ọyẹ́ ti dé. Òtútù òwúrọ̀ máa ń mú kí rọ́bà le, á sì máa jò.

Tísà Kàbà · Ajé, 1:10 ọ̀sán

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ yín rán mi létí Challenger, ọkọ̀ tí Amẹ́ríkà fi ń gbé èèyàn lọ sí gbalasa òfuurufú, tó fọ́ ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní 1986, ní ìṣẹ́jú àáyá 73 lẹ́yìn tó gbéra, tí èèyàn 7 sì kú. Òtútù ló mú kí òrùka rọ́bà kan níbi oríkèé rọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ le, tí iná fi gba ibẹ̀ jáde. N ó sọ ìtàn náà fún àwọn ọmọ lọ́la.

Ẹnjiníà Ìyámoyè · Ajé, 2:00 ọ̀sán

Ẹ sọ ọ́ fún wọn, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n rò pé irú òtútù kan náà ni. Òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, omi ti dì níbẹ̀. Ọyẹ́ wa ní Kàbà kò tó bẹ́ẹ̀. Gbígbẹ àti eruku ló ń ba rọ́bà jẹ́ níbí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ po, tí ẹ bá rí ilà wẹ́wẹ́ lójú rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má sì kó ike pamọ́ síbi tí oòrùn ń pa.

Tísà Kàbà · Sátidé, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, 6:35 ìrọ̀lẹ́

Okun o. Mo ní kí n wá jábọ̀.

Géèjì wa parọ́ lóòótọ́. Níbi tó bá ti pe 70, 58 ni ti kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀. Ike tó bẹ́ lọ́jọ́sí, 58 ló bẹ́ ẹ. A wá fi omi kún ike tuntun dé ẹnu, a pọ́ǹpù rẹ̀ dé 80 gidi, nǹkan kan kò ṣe é. A mú ike mìíràn, a kán gúlù gbígbóná sí ara rẹ̀ níbi mẹ́ta péré, a fi omi kún un. Ní 45, ó ya láti ojú ọ̀kan nínú àwọn ibi mẹ́ta náà. Omi kàn tú jáde gbàà ni. Àwọn ọmọ dákẹ́ ná, wọ́n wá bú sí ariwo, wọ́n sáré lọ fi ìka tọ ibi tó ya.

Òwú (omi ló kún ike náà): ní 60, nǹkan bíi mìlímítà 4 ló ṣí sílẹ̀. Mo jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wọ̀n ọ́ fúnra rẹ̀.

A pa ìsopọ̀ ike méjì tì pátápátá. A wọ búbà fún ike kan ṣoṣo, ìyẹ́ mẹ́ta, PVC síléèńgì, 60 gidi. A sọ fún olórí àdúgbò àti fíjílàńtì, méjì nínú wọn wá wòran. A ta á lẹ́ẹ̀mẹfà, ìyẹ́ kankan kò já. Rọ́bà tíúbù gbé párásúùtì, páálí kò ya mọ́.

Ìṣòro kan ló ṣẹ́kù. Nígbà kẹrin, búbà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀. Nígbà kẹfà, ó ti sún tó ìka méjì.

Fọkanáísà Ìyàrá · Sátidé, 7:05 alẹ́

Ẹ kú oríire. Èmi ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi pé kí afẹ́fẹ́ má pọ̀ jù: ẹ má kọjá 60.

Káfíńtà Mọ̀pà · Sátidé, 7:48 alẹ́

Téèpù tí ẹ wé yípo rẹ̀ nìkan kò lè dá a dúró, ìsàlẹ̀ ni ohun gbogbo ń fà sí nígbà tó bá gbéra. Ẹ fi ilà téèpù mẹ́ta gùn ún láti ara búbà lọ sókè, kí ó kọjá lórí ìdí ike tó wà lókè, kí ó sọ̀kalẹ̀ sí òdìkejì. Bí okùn tí wọ́n fi ń gbé ṣòkòtò ọmọdé kọ́ èjìká ni. Tó bá ti so kọ́ lókè, kò ríbi yọ̀ lọ.

Mo ní àjẹkù PVC síléèńgì nílẹ̀ níbí, ibi iṣẹ́ ilé kan ló ti ṣẹ́ kù. Ẹ rán ọmọ wá ní Sátidé tó ń bọ̀, kí ó mú àpò dání.

Tísà Kàbà · Sátidé, 8:10 alẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ méjì ń bọ̀, àwọn ló gé ìyẹ́ ti àkọ́kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìlà igi hàn wọ́n lára pákó gidi kí wọ́n tó máa bọ̀ nílé.